Ẹ-Dúró-Ná Orí Katakata

Obìnrin kan wà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan ń pè ní Ẹ-Dúró-Ná. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn, ìyá wo ló máa sọ ọmọ ní irú ẹ̀? Ẹnu ara rẹ̀ ló kó o bá a. Bí ẹ bá ní kó gun katakata, á ní, "Ẹ dúró ná." Bí ẹ bá ní kó sọ̀ kalẹ̀, á ní, "Ẹ dúró ná." Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ pàápàá, á kọ́kọ́ yí àwo náà wò bóyá ó sán. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó ní kí ọkọ ìyàwó dúró ná kí òun lọ wo iná ilé ìdáná. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ṣebí mo ṣì wà nílé ọkọ. Ẹ̀yin tí ẹ sáré gbéyàwó ńkọ́?"

Àwọn ọmọ ń gbé inú ilé ẹ̀kọ́ yìí ni, ilẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé tí o bá dúró ní ẹnu ọ̀nà, o ò ní rí ògiri ẹ̀yìn. Pápá ìṣeré wà níbẹ̀, ọgbà igi eléso wà níbẹ̀, gbalasa tó yí àwọn ilé tí ọmọ ń sùn ká sì tún wà. Koríko ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ga ju kókósẹ̀ lọ, iṣẹ́ Ẹ-Dúró-Ná sì nìyẹn. Ohun tó fi ń ṣe é ni ẹ̀rọ agékoríko tí wọ́n ń so mọ́ ìdí katakata. Pẹpẹ irin ni ẹ̀rọ ọ̀hún, ó fẹ̀ tó ibùsùn ẹni méjì. Ọ̀pá irin kan ló ń gbé agbára láti ìdí katakata wá sínú àpótí gíà tó wà lórí pẹpẹ náà, gíà á wá máa yí abẹ gbọọrọ méjì bírí-bírí nísàlẹ̀. Koríko ò tó nǹkan lójú ẹ̀. Igi tó tóbi tó àtàǹpàkò ọkùnrin, fẹ́ú ló ń gé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ fún yín, abẹ yẹn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín igi àti ọwọ́ èèyàn.

Ẹni tí èyí yé jù lọ láyé yìí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bọ̀dá Sítọ́ọ̀ nítorí òun ló ń tọ́jú ilé irinṣẹ́. Òun ló ń wa katakata yìí tẹ́lẹ̀. Ọdún kejìlá rèé tí wáyà kan wé mọ́ abẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó já agbára kúrò lára ẹ̀rọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àwọn ṣéènì tó ń dí ẹ̀yìn pẹpẹ sókè, ó sì na ọwọ́ òsì wọlé láti fa wáyà náà yọ. Ṣé ẹ rí i, tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ yìí, ọ̀pá á dúró, ariwo á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ tó wà nísàlẹ̀ kò tíì gbọ́. Á ṣì máa yí lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ọmọ tí wọ́n ní kó wá wẹ̀ tó ṣì ń ṣeré rẹ̀ lọ. Ọwọ́ òsì Bọ̀dá Sítọ́ọ̀ kò bá a padà sílé lọ́jọ́ yẹn.

Gbogbo ẹbí fárígá. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni nínú ilé àwọn kò tún gbọ́dọ̀ sún mọ́ katakata mọ́. Nígbà yẹn, ìgbálẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ yìí ń ṣe nínú ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Oṣù mẹ́rin kọjá, ó wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn.

"Bọ̀dá mi, ẹ kọ́ mi ní katakata."

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Ó pé. Ẹ̀rọ yẹn ò ṣẹ̀ wá. Ìkánjú ló ṣẹ̀ wá. Ẹ kọ́ mi ní gbogbo ẹ̀, títí kan èyí tí ẹ ò ṣe lọ́jọ́ yẹn."

Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri. Ó ní, "Lọ wá ṣòkòtò wọ̀. Mi ò kọ́ ẹni tó ró ìró."

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, aránṣọ, ló rán ṣòkòtò náà fún un, ó ń rán an ni ó ń ṣépè fún katakata. Bọ̀dá Sítọ́ọ̀ á jókòó sórí àga lábẹ́ igi pẹ̀lú apá aṣọ òsì rẹ̀ tí wọ́n ká, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ há mọ́ ìgbọ̀nwọ́, á máa pariwo mọ́ àbúrò rẹ̀ bíi ṣọ́jà. Ó kọ́ ọ pé kó máa fẹsẹ̀ wọn gbogbo ilẹ̀ kó tó gé e, nítorí òkúta tí abẹ bá gbá lè dé ojú fèrèsé ilé kejì. Ó kọ́ ọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dúró nítòsí tí abẹ bá ń yí, bó jẹ́ ọ̀gá àgbà. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fún oríkèé ọ̀pá ní gíríìsì láràárọ̀, bí wọ́n ṣe ń wo ọ́ìlì inú àpótí gíà, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ abẹ méjèèjì pa pọ̀ kí ọ̀kan má bàa wúwo ju èkejì lọ. Tó bá fẹ́ wo ìsàlẹ̀ pẹpẹ, kó ki ìtì igi méjì bọ abẹ́ rẹ̀ kó tó tẹrí ba, kó má ṣe gbọ́kàn lé ọwọ́ irin tó gbé e sókè. Tó bá sì ti sọ̀ kalẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, kó wá dúró títí abẹ á fi dúró.

Ibi ìdúró yìí ló ti wá dá ọgbọ́n tirẹ̀. Aago kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbígbọ̀n katakata ló ń pa wọ́n. Ó wá rí i pé tí òun bá kí gbogbo ọmọ ìyá òun lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú, abẹ á ti dúró kí òun tó kí wọn tán. Àwọn mẹ́jọ ni. Lábẹ́ ahọ́n, á ní: "Bọ̀dá Àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín yẹn ńkọ́? Àǹtí Aránṣọ, ẹ kú ìjókòó, ẹ tọ́jú ojú o. Bọ̀dá Tíṣà, ẹ kú wàhálà ọmọ ọlọ́mọ. Bọ̀dá Sítọ́ọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi náà, mo kú iṣẹ́. Ẹ̀yin ìbejì, ẹ̀yin tí ẹ kì í ránṣẹ́ sílé, ẹ ṣé o, ilé ń kí yín. Àbíkẹ́yìn, ìwọ kú ìgbádùn, ṣebí ìwọ ni wọ́n bí sínú ọrọ̀." Ó pe èyí ní kíkílé. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Bọ̀dá Sítọ́ọ̀. Lọ́dún mọ́kànlá tó fi wà lórí katakata, kò sọ̀ kalẹ̀ níjọ́ kan kó má kílé.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí n ṣàlàyé, nítorí orí ẹ̀ ni ìjà ti bẹ́. Lára ọ̀pá tó ń gbé agbára yìí, bóòtù kékeré kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi irin rírọ̀ ṣe. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó kán. Tí abẹ bá kọlu nǹkan líle, bóòtù yìí á kán, agbára á já, gíà àti ọ̀pá á sì bọ́ lọ́wọ́ ikú. Àwọn awakọ̀ kan ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, torí tó bá ti kán, o gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ fi òmíràn sí i. Wọ́n á wá bóòtù líle, èyí tí kò ní kán láéláé, wọ́n á fi há a, wọ́n á ní àwọn gbọ́n. Ọgbọ́n burúkú! Nǹkan tó bá yẹ kó fọ́ bóòtù á wá lọ fọ́ gíà. Nítorí èyí ni Ẹ-Dúró-Ná ṣe máa ń fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kun orí bóòtù tirẹ̀, kó lè dá a mọ̀ láti òkèèrè. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ni ìgò kútẹ́ẹ̀sì náà. Ọmọ yẹn wá a títí, ó fura sí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò mọ̀ pé inú àpótí irinṣẹ́ katakata ló ń gbé.

Bó ṣe wà nìyẹn tí ọ̀gá tuntun fi dé, ọ̀gá tó ń mójú tó gbogbo ọgbà. Kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ. Èèyàn burúkú kọ́, ẹ má gbọ́ mi sódì. Ó máa ń kí àgbà dáadáa, ó máa ń pe Ẹ-Dúró-Ná ní Màámi. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára aago. Wọ́n ti pa ejò kan lẹ́yìn ilé tí àwọn ọmọbìnrin ń sùn kí ìsinmi tó dé, àwọn òbí sì bínú gidi. Àwọn àgbà ilé ẹ̀kọ́ wá kìlọ̀ fún un pé kí koríko ibi gbogbo ti wálẹ̀ kí àwọn ọmọ tó padà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òjò ò sì jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Nígbà tó fi di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìdajì ilẹ̀ ṣì wà láìgé.

Ó pe Ẹ-Dúró-Ná àti awakọ̀ kejì síwájú ilé irinṣẹ́. Kíá-Kíá ni wọ́n ń pe awakọ̀ kejì yìí, ọkọ̀ akẹ́rù ló sì sábà máa ń wà.

"Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀," ni ọ̀gá wí. "Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mi ò fẹ́ rí koríko kankan tó dúró. Màámi, ẹ má bínú sí mi o. Tí kò bá tán, ẹ máa gbé kọ́kọ́rọ́ katakata fún Kíá-Kíá, ẹ̀yin á padà sídìí ìgbálẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ẹ-Dúró-Ná lára. Ìgbálẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gàn, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí katakata yẹn ló ti gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà, lójú tirẹ̀. Tí wọ́n bá lé e kúrò níbẹ̀ nítorí ó ń ṣọ́ra, a jẹ́ pé ìkánjú ló tún borí.

Ó ní, "Ọ̀gá, mo gbọ́. Màá ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣe é ni màá ṣe ṣe é."

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó mú ọ̀pá gígùn kan àti àpò, ó ń fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Ó rí ìgò, ó rí ẹsẹ̀ àga onírin, ó rí wáyà tí wọ́n fi ń sá aṣọ. Ọ̀gá yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé.

"Màámi, ṣé ẹ jáde gbatẹ́gùn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o," ni Ẹ-Dúró-Ná dáhùn, ó gbé ẹsẹ̀ àga sókè. "Atẹ́gùn náà lẹ̀ ń wò yìí. Ṣé kó fẹ́ dé ọ́fíìsì yín?"

Ọ̀gá kọrí sí ọ̀nà tó gbà wá.

Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí Ẹ-Dúró-Ná ti ṣíwọ́, tó sì ti dá kọ́kọ́rọ́ padà sí ilé irinṣẹ́, ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bọ̀dá Sítọ́ọ̀, ó ní kí Kíá-Kíá lo ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí obìnrin náà ṣe ń fún oríkèé ọ̀pá ní gíríìsì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Orí bóòtù tó wà níbẹ̀ dúdú kirikiri. Kò sí pupa lára ẹ̀.

"Kíá-Kíá o!"

Kíá-Kíá wá, ó ń jẹ búrẹ́dì. "Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o. Bóòtù yín kán lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí kan, mo bá bá yín wá ògidì. Èyí, ẹ̀yin àti ẹ̀ lẹ jọ máa dàgbà."

"Èmi àti ẹ̀ ò ní dàgbà pọ̀," ni Ẹ-Dúró-Ná wí, ó ti ń na ọwọ́ sí òòlù.

Bóòtù náà ti fún, ó lé ní ìdajì wákàtí tó fi ń bá a jà. Ibẹ̀ ni ọ̀gá bá a, tí katakata ò tíì dún, tí oòrùn ti yọ. Ojú ọ̀gá le.

"Màámi, bóòtù tó dáa lẹ ń yọ, ẹ fẹ́ fi èyí tó ń kán sí i? Kí ló dé tí ẹ fẹ́ ba tiyín jẹ́?"

Obìnrin náà dìde dúró, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó tú okùn ọrùn rẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Ọ̀gá, tí ẹ bá fẹ́ gbà á, ẹ gbà á báyìí. Ṣùgbọ́n tó bá fi máa wà lọ́rùn mi, bóòtù yẹn ò ní bá mi ṣiṣẹ́."

Ọ̀gá wo kọ́kọ́rọ́. Ó wo aago. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣáà gé koríko," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ-Dúró-Ná fi bóòtù pupa rẹ̀ sí i. Ó gé koríko lọ́jọ́ yẹn bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, kò dìde jẹun ọ̀sán.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yìn ilé àwọn ọmọbìnrin ló kù, níbi tí koríko ti dé ìgbáròkó. Ọ̀gá ò kúrò níbẹ̀. Ẹ-Dúró-Ná lé e dé ìdí igi kan tó jìnnà dáadáa, ó dúró síbẹ̀, ó ń wo aago, ó ń pariwo pé, "Màámi, ọ̀sán ti pọ́n o!" Nígbà tó ku apá kan tí kò tíì fẹsẹ̀ wọ̀n, obìnrin náà wo ọ̀gá, ó wo oòrùn, ó wo koríko. Ó dúró sórí katakata, ó na ọrùn, ó fi ojú lásán wo ibẹ̀ láti òkè. Ó dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọdún mọ́kànlá, ó wakọ̀ wọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì dé.

Kò rìn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Gbàm! Pẹpẹ irin náà ta sókè, katakata mì tìtì, wáyà kan fò yọ lẹ́yìn. Páìpù omi àtijọ́ ló wà níbẹ̀, wọ́n ti wé wáyà mọ́ ọn lọ́rùn, koríko sì ti bò ó. Bóòtù pupa kán, ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ dá a. Ẹ-Dúró-Ná já agbára, ó gbé pẹpẹ kalẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó fi kọ́ ọrùn. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló tan ọ̀gá jẹ. Ó ti sáré kúrò nídìí igi, ó ti dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí obìnrin náà tó gbé ẹsẹ̀ kan kalẹ̀.

"Wáyà lásán ni!" ló ń wí, inú rẹ̀ dùn. "Màámi, ẹ máa bọ̀, mo ti rí ìdí ẹ̀, màá fà á yọ ní ìṣẹ́jú kan!" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbé ṣéènì sókè, ó ń na èkejì wọlé.

"Ẹ DÚRÓ NÁ!"

Obìnrin náà kò mọ bí òun ṣe dé ibẹ̀. Kọ́là aṣọ ọ̀gá ló gbá mú, ó fi gbogbo ara fà á sẹ́yìn, bọ́tìnnì méjì já dànù, àwọn méjèèjì sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ọ̀gá dìde jókòó, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé ẹ̀ ń ya wèrè ni? Ṣebí ẹ ti pa á!"

"Ẹ tẹ́tí."

"Kí ni mo fẹ́ tẹ́tí sí?"

"Ọ̀gá, mo ní kẹ́ ẹ tẹ́tí!"

Ọ̀gá tẹ́tí. Ó wá gbọ́ ọ nísàlẹ̀ pẹpẹ, ohùn jẹ́jẹ́ kan, fìì, fìì, fìì. Wáyà tó fẹ́ fà yọ lójijì ló wọ inú lọ, bí ẹni pé ẹnì kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jókòó síbẹ̀," ni Ẹ-Dúró-Ná wí, "ẹ bá mi kílé." Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sọ ọ́ síta. "Bọ̀dá Àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Àǹtí Aránṣọ, ẹ kú ìjókòó. Bọ̀dá Tíṣà, ẹ kú wàhálà ọmọ ọlọ́mọ." Ó yíjú wo ibi tí ilé irinṣẹ́ wà. "Bọ̀dá Sítọ́ọ̀, ẹ kú ìrọ́jú."

"Bọ̀dá Sítọ́ọ̀ wo?" ni ọ̀gá bi í. "Ṣé tiwa yìí?"

"Tiwa yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi."

"Ọwọ́ wọn yẹn..."

"Ẹ̀rọ yìí ni. Wáyà ló fẹ́ fà yọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọ̀gá ti ń kí ọkùnrin yẹn láàárọ̀, tó ń gba ìwé àti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un, kò sì bi í léèrè rí. Ó rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ẹ-Dúró-Ná kí ara rẹ̀, ó kí àwọn ìbejì, ó kí àbíkẹ́yìn. Nísàlẹ̀ pẹpẹ, nǹkan kan ró tọ́, ó sì dákẹ́. Ọ̀gá jókòó síbẹ̀, ó ń wo ìka mẹ́wàá rẹ̀.

"Èmi náà jẹ̀bi," ni obìnrin náà wí. "Mi ò fẹsẹ̀ wọn ibí yìí. Mo jẹ́ kí ariwo yín wọ̀ mí lórí. Kò tún ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

Ó gbé pẹpẹ sókè, ó ki ìtì igi méjì bọ abẹ́ rẹ̀, ó fi ọ̀pá tọ́ wáyà jáde. Abẹ kan ti ya lẹ́nu, ó pààrọ̀ méjèèjì. Ó fi bóòtù pupa tuntun sí i. Ọ̀gá ló ń na sípánà sí i. Kíá-Kíá náà wá, ó mú ìdajì bóòtù tó kán lọ́wọ́, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Tó bá jẹ́ tèmi ló wà níbẹ̀, gíà ti fọ́ nìyẹn," ó sì rọra gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, Ẹ-Dúró-Ná mú ọ̀pá rẹ̀, ó fẹsẹ̀ wọn ìyókù ilẹ̀ náà látòkè délẹ̀, ọ̀gá ò sì wo aago.

Iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ. Nígbà tí ojú ọ̀run ṣókùnkùn, igun kan tí kò tóbi ju kíláàsì kan lọ ló kù. Ẹ-Dúró-Ná pa katakata. Ó kílé. Ó wá bá ọ̀gá.

"Màámi," ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ kéré, "ó mà ku díẹ̀ báyìí."

"Ó ku díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi ò rí ilẹ̀ mọ́, mi ò sì ní gé ohun tí mi ò rí." Ó bọ́ okùn kúrò lọ́rùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí ọ̀gá lọ́wọ́. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Kò tán."

Obìnrin náà rìn lọ sílé láìwẹ̀yìn. Nígbà tó délé, ó wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi, ó sunkún tẹ́rùn. Ó jáde, ó wá aṣọ ìgbálẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ rí nísàlẹ̀ àpótí, ó lọ̀ ọ́ dáadáa. Tó bá jẹ́ ìgbálẹ̀ náà ni, yóò gbá a kó mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wọ aṣọ ìgbálẹ̀ náà, ó lọ sí ilé irinṣẹ́ láti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Bọ̀dá Sítọ́ọ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó gbọ́ ohùn èèyàn lẹ́yìn ilé àwọn ọmọbìnrin, ó gba ibẹ̀ lọ. Ó bá ọ̀gá nínú koríko tó kù, ọ̀pá gígùn lọ́wọ́, bàtà rẹ̀ rẹ fún ìrì, ó ń fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Bọ̀dá Sítọ́ọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ katakata, ó ń darí ọ̀gá.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi," ni ọ̀gá wí. "Bàtà ọmọdé ẹyọ kan péré ni mo rí." Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Orí kọ́kọ́rọ́ náà pọ́n wẹ̀ẹ̀, kútẹ́ẹ̀sì ti ta sí ọ̀gá lára ìka mẹ́ta. "Mo rí ìgò náà nínú àpótí irinṣẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n kùn, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin lẹ ni ín."

Ẹ-Dúró-Ná gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì dijú pa á mọ́. Ọ̀gá ní, "Àwọn ọmọ á máa dé láìpẹ́. Ṣé ẹ lè gùn ún báyìí?"

"Ẹ dúró ná. Aṣọ yìí ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ n lọ wá ṣòkòtò."

Bọ̀dá Sítọ́ọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti gbà á lọ́wọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó wà lórí àga katakata. Obìnrin náà lọ pààrọ̀ aṣọ, ó wo bóòtù, ó wo ọ̀pá, ó lé gbogbo wọn jìnnà, ó sì gé igun náà kúnná bí orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Nígbà tó pa ẹ́ńjìnnì tó sọ̀ kalẹ̀, kọ́kọ́rọ́ pupa ń mì lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀gá ti dúró sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ níbi tó jìnnà dáadáa, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Òun ló bẹ̀rẹ̀. "Bọ̀dá Àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àǹtí Aránṣọ, ẹ kú ìjókòó. Bọ̀dá Tíṣà, ẹ kú wàhálà wa." Ó yíjú sí ọkùnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko tútù. "Bọ̀dá Sítọ́ọ̀, ẹ kú ìrọ́jú."

Bọ̀dá Sítọ́ọ̀ wo ọ̀gá nílẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀. "Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Bí mo ṣe ń dúró de abẹ nìyẹn, Bọ̀dá mi," ni Ẹ-Dúró-Ná wí. "Láti ọdún mọ́kànlá. Mi ò tíì fo yín rí."

Bọ̀dá Sítọ́ọ̀ fi ọwọ́ kan tó ní nu ojú, ó tún nu ojú. Ọkọ̀ tó kó àwọn ọmọ àkọ́kọ́ ti ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀gá sáré dìde, ó ti gbé ẹsẹ̀ síwájú láti kọjá lẹ́yìn ẹ̀rọ. Bọ̀dá Sítọ́ọ̀ na apá rẹ̀ tí kò lọ́wọ́ dí i lọ́nà.

"Ẹ dúró ná," ló wí. "A ò tíì kí àwọn ìbejì."